Íntafíù lókè kẹta: ìbéèrè mẹ́rin láti ọwọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá l'Ékìtì

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀pá méjì ni mo fi ń rìn. Ọ́fíìsì ìjọba kan l'Ádó pè mí fún íntafíù, òkè kẹta ni wọ́n jókòó sí. Kí n tó gùn ún débẹ̀, wọ́n ti pe orúkọ mi kọjá.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́. Ọ̀pá lèmi náà fi ń rìn. Téèyàn bá fi gun àtẹ̀gùn dé òkè, àtẹ́lẹwọ́ á máa ta á bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún iyán òde tán.

Òfin tó ní kí wọ́n má fi ìyà jẹ àkàndá ẹ̀dá, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí ará ìlú ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe kí àwa náà lè ráyè wọlé. Ọdún márùn-ún ọ̀hún ti pé láti 2024. Òfin yìí kan náà ló ní kí iléeṣẹ́ ìjọba, bó bá ti ṣeé ṣe tó, gba ó kéré tán àkàndá ẹ̀dá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́. "Bó bá ti ṣeé ṣe tó" yẹn ni wọ́n máa ń sá pamọ́ sí, torí náà ẹ má wulẹ̀ bá wọn fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ẹ kọ lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́ náà sí i, aago tí ẹ dé ẹnu ọ̀nà, àti iye àtẹ̀gùn tí ẹ gùn. Ẹ ní kí wọ́n tún yín pè, nísàlẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tí ẹ máa mú lọ sílé, àìṣe bẹ́ẹ̀ wọ́n á ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àkàndá ẹ̀dá, l'Ábùjá.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n mú sáfíkéètì àkàndá wá. Mi ò ní in. Ojú mi ló ń ṣókùnkùn lọ díẹ̀díẹ̀.

Ìdáhùn: Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ojú náà ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ n'Ídòó-Èkìtì tàbí l'Ádó. Ó lè dábàá pé kí àjọ ìjọba àpapọ̀ tí mo sọ lókè yẹn fún yín ní ti ìgbà díẹ̀, tí kì í ju 180 ọjọ́ lọ. Bí ojú ò bá yí padà lẹ́yìn ìyẹn, ó kan èyí tó wà títí. Ẹ fi bírò yí ọjọ́ tó máa tán po lórí kàlẹ́ńdà.

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ kan n'Íkẹ̀rẹ́ ní kí n ṣe àyẹ̀wò HIV kí wọ́n tó gbà mí. Iṣẹ́ akọ̀wé ni.

Ìdáhùn: Òfin 2014 tó ní kí wọ́n má fi ìyà jẹ ẹni tó ní HIV kò gbà wọ́n láyè, àfi bí oníṣègùn tó mọṣẹ́ bá jẹ́rìí pé ewu gidi wà fún ẹlòmíì. Ewu wo ló wà nínú fáìlì?

Ìbéèrè: Bàbá mi já bọ́ látorí àkàbà níbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn kan ò ṣe déédéé mọ́. Ọ̀gá wọn ló gbé wọn lọ sọ́sibítù. Láti oṣù mẹ́jọ, ó ní òun ń ro ohun tí òun máa fún wọn.

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ń rò. Òfin 2010 ní kí ọ̀gá fi irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ tó NSITF, àjọ ìjọba tó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa níbi iṣẹ́, létí láàárín ọjọ́ méje. Òun ló gbé wọn lọ sọ́sibítù, kò lè ní òun ò gbọ́. Ọdún kan ni wọ́n fi sílẹ̀ láti béèrè owó gbà-má-bínú náà, ó wá ku oṣù mẹ́rin. Ẹ kó káàdì ọsibítù, rìsíìtì oògùn àti ìwé owó oṣù bàbá dání, kí ẹ gba ọ́fíìsì NSITF lọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ má dúró de ọ̀gá.