Bí wọ́n ṣe ń fi iná dán ògiri wò
Tí ẹ bá rí REI 60, àmì bí ògiri ṣe lè fara da iná tó, lára ògiri, R ni pé kò ní wó lábẹ́ ẹrù, E ni pé ọwọ́ iná kò ní là á já, I ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní gbóná jù. 60 ni iye ìṣẹ́jú tó lè fara dà á.

Ẹnu iná ìléru ni wọ́n ń kọ́ ògiri náà sí láti dán an wò; ooru ìléru á dé 576°C ní ìṣẹ́jú 5, 945°C ní wákàtí kan. Ooru ẹ̀yìn ògiri kò gbọdọ̀ fi ju 140°C lé sí i ní ìpíndọ́gba, tàbí 180°C níbikíbi. Bó bá sán, wọ́n á gbé òwú síbẹ̀. Bí òwú bá gbiná, ògiri ti pàdánù E.

Ẹ jọ̀ọ́, gbogbo ògiri bí wọ́n ṣe tò ó ló ni ìwọ̀n yẹn. Ihò wáyà kan tí ẹ kò dí dáadáa ti bà á jẹ́.