Sìkọ́ọ̀ Dára, Báǹkì Kọ̀: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Láàárín Àwa Tí A Ń Wá Kírẹ́díìtì Káàdì

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ọ̀fà, mo sì gbọ́ ọ lóhùn wọn pé inú wọn kò dùn. Olùkọ́ ni wọ́n. Ọdún mẹ́rìnlá rèé tí wọ́n ti ń gbowó oṣù, wọn kò sì jẹ gbèsè sá rí. Wọ́n ti wo kírẹ́díìtì sìkọ́ọ̀ wọn, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ènìyàn ti ń san gbèsè sí, lórí fóònù, 741 ló wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ 850 ni òkè téńté. Síbẹ̀, báǹkì tí wọ́n kọ̀wé sí fún kírẹ́díìtì káàdì dá wọn lóhùn pé kò ṣeé ṣe. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, “Ṣé ẹnì kan ló ń bá mi jà lábẹ́lẹ̀ ni?”

Mo ní kí wọ́n fi ìwé owó oṣù wọn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́fà náírà (₦120,000) ni owó oṣù náà. Ṣùgbọ́n alájẹṣẹ́kù ilé ẹ̀kọ́ ń yọ tiwọn, alájẹṣẹ́kù kejì ń yọ owó ilẹ̀, wọ́n sì tún ń san owó fìríìjì díẹ̀díẹ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦52,000 lóṣooṣù. Ọ̀pọ̀ báǹkì kì í fẹ́ kí gbèsè tí ènìyàn ń san lóṣù ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un lọ. Ìdá kan nínú mẹ́ta ₦120,000 jẹ́ ₦40,000. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọjá a kí wọ́n tó kọ̀wé rárá. Sìkọ́ọ̀ kò sì lè sọ ìyẹn fún wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn alájẹṣẹ́kù wa kì í fi àkọsílẹ̀ gbèsè ránṣẹ́ sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe sìkọ́ọ̀. Ìwé owó oṣù ló tú àṣírí.

Ẹ má fi sìkọ́ọ̀ ṣe ẹ̀rí pé apá yín ká gbèsè tuntun

Àṣìṣe tó gbilẹ̀ jù nìyí. Ohun tí sìkọ́ọ̀ ń sọ kò ju bí ènìyàn ti ṣe sí gbèsè tó ti jẹ sẹ́yìn: ó san lásìkò tàbí kò san, iye tó ṣì kù, bó ti pẹ́ tó tó ti ń yá owó. Iye tó ń wọlé fún yín kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bóyá iṣẹ́ yín jẹ́ ti ìjọba, ti aládàáni tàbí ti ọjà. Báǹkì ní láti wá ìyẹn fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ti ń kú.

Àwọn oníṣòwò wa ní ọjà Ìpàta àti Ọjà Ọba ní Ìlọrin níbí ni ó máa ń dùn mí jù. Obìnrin kan lè ta ọjà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́, kó san gbogbo owó tó yá láìyẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ ni owó ń gbà wọlé, ọwọ́ náà ló ń gbà jáde. Àkáǹtì rẹ̀ á wá dà bí ti ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí báǹkì mọ̀ pé ẹ ń rí ṣe, ẹ jẹ́ kí owó ọjà gba inú àkáǹtì kan náà kọjá fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ má sì máa gba tiyín sínú àkáǹtì ọmọ tàbí ti àbúrò.

Ẹ rántí pé káàdì ATM tí gbogbo wa ń lò kì í ṣe kírẹ́díìtì káàdì. Owó ara yín ni ti ATM ń ná. Owó báǹkì ni kírẹ́díìtì káàdì ń ná, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀.

Orúkọ

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé Ìlọrin ni a wà. Orúkọ kan lè ní ojú mẹ́ta níbí. Sulyman, Suleiman, Sulaimon. Ẹnì kan ń jẹ́ Abdulrasheed, akọ̀wé kan pín in sí méjì, akọ̀wé mìíràn kọ Rasheed nìkan. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa ni kò ní orúkọ kan tí wọ́n ń jẹ́ láti ìran dé ìran. Orúkọ bàbá ẹni ni a fi ń ṣe orúkọ ìkẹyìn, nítorí náà bàbá àti ọmọ lè máà jọ ní orúkọ ìkẹyìn kan náà. Obìnrin tó bá sì délé ọkọ á tún pààrọ̀ tirẹ̀. Àwa ènìyàn mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀.

Láti ọdún 2014 tí BVN ti dé, òun ni ó so gbogbo àkáǹtì ènìyàn pọ̀. Bí orúkọ tàbí ọjọ́ ìbí tó wà lórí BVN kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti NIN àti ti lẹ́tà iṣẹ́, gbèsè tí ẹ ti san dáadáa lè wà lábẹ́ orúkọ kan, kí ìbéèrè yín wà lábẹ́ òmíràn. Báǹkì á wò yín bí ẹni tí kò yáwó rí. Ó tún lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbèsè ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ yín lè bọ́ sínú ìwé yín. Ẹ tún orúkọ ṣe kí ẹ tó kọ̀wé, bó tilẹ̀ gba ìwé ìbúra ilé ẹjọ́.

Ẹ má sáré lọ sí báǹkì márùn-ún

Èmi fúnra mi ṣe é. Báǹkì kan ní ojú ọ̀nà Taiwo kọ̀ mí, inú bí mi, mo sì kọ̀wé sí mẹ́rin mìíràn láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Gbogbo ìgbà tí báǹkì bá yẹ ìwé gbèsè ènìyàn wò nítorí pé ó béèrè owó, àyẹ̀wò náà máa ń wọ àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá rí àyẹ̀wò márùn-ún nínú ọjọ́ mẹ́wàá á rò pé owó ti há ẹni náà gan-an. Bí mo ṣe ba ìwé tó mọ́ jẹ́ nìyẹn, tí gbogbo wọn sì kọ̀. Bí báǹkì àkọ́kọ́ bá kọ̀ yín, ẹ padà síbẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìdí. Ẹ bi wọ́n pé ṣé owó tó ń wọlé ni, ṣé orúkọ ni, ṣé àkọsílẹ̀ gbèsè ni, bírò wo, ìyẹn iléeṣẹ́ tó ń kó àkọsílẹ̀ gbèsè jọ tó sì ń ṣe sìkọ́ọ̀, ni wọ́n sì ti rí i.

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì. Bírò mẹ́ta ni CBN fún ní ìwé àṣẹ: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Ohun tí ọ̀kan mọ̀ lè ṣàìsí lọ́dọ̀ èkejì. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin lè wà lórí fóònù yín láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan, kí ₦2,000 tó ṣẹ́kù lórí owó tí ẹ yá lórí áàpù máa jókòó sọ́dọ̀ èkejì bíi gbèsè tí a kò san. Òfin Credit Reporting Act ọdún 2017 fún yín ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé yín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹ sì takò ohun tó bá jẹ́ irọ́ nínú rẹ̀. Ẹ gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bí ẹ bá rí i pé gbèsè kan kù, ẹ san án, kí ẹ sì gba ìwé pé ó tán. Ẹ má rò pé ẹ lè pa á tì kí ẹ lọ ṣí àkáǹtì sí báǹkì mìíràn. Láti ọdún 2020 ni ètò GSI ti wà, tí ẹni tó yá yín lówó fi lè fa owó rẹ̀ nínú àkáǹtì yín ní báǹkì mìíràn nípasẹ̀ BVN.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹnikẹ́ni tó ní òun lè “gbé sìkọ́ọ̀ sókè” ní BVN àti OTP yín. Kò sí ẹni tó lè ṣe é. Olè ni.

Fún àwa Mùsùlùmí tí ọ̀rọ̀ èlé ń dí lọ́wọ́, kò pọn dandan kí ó jẹ́ kírẹ́díìtì káàdì. Àwọn báǹkì tí kì í gba èlé, bíi Jaiz tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2012, lè ra ọjà náà kí wọ́n sì tún un tà fún yín ní iye tí ẹ jọ fẹnu kò sí, tí ẹ ó máa san díẹ̀díẹ̀. Àwọn náà máa ń wo bí ẹ ti ń san gbèsè, nítorí náà gbogbo ohun tí mo sọ lókè yìí kàn yín síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fara mọ́ ọn. Oṣù Kẹsàn-án ni owó fìríìjì á tán, ti alájẹṣẹ́kù ilé ẹ̀kọ́ á tẹ̀ lé e ní Oṣù Kejìlá. Títí di ìgbà náà, a ti sọ ọ́ pé wọn kò ní kọ̀wé sí ibì kankan, àti pé báǹkì tí owó oṣù wọn ń gbà wọlé nìkan ni wọ́n máa lọ bá.