Bí A Ṣe Ń Wọn Ipa Iléeṣẹ́ Lórí Ìdàgbàsókè Tó Máa Tọ́jọ́

Bí ẹ bá ṣí ìjábọ̀ ọdọọdún iléeṣẹ́ ńlá tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà, iye owó tí wọ́n ná sórí iléèwé àti iye kànga tí wọ́n gbẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ rí. Gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ ìnáwó ni, kì í ṣe èrè tó kan aráàlú lára. Ohun tó yẹ ká wọ̀n ni ohun tó yí padà láyé àwọn èèyàn, lórí ilẹ̀ àti nínú omi, nítorí pé iléeṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí iléeṣẹ́ náà dé

Iléeṣẹ́ kì í parí sí ẹnu géètì rẹ̀. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza wó ní Bangladesh, èèyàn tó lé ní 1,100 sì kú. Aṣọ tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ń rán níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aránṣọ náà kò sí nínú ìwé owó oṣù àwọn iléeṣẹ́ tó ni orúkọ ara aṣọ. Nítorí náà, ẹ ka àwọn agbaṣẹ́ṣe, àgbẹ̀ tó ń pèsè ohun èlò, àti àwọn tó ń gbé níbi tí ìdọ̀tí ń dà sí mọ́ ọn.

2. Ẹ mú ìwọ̀nba àfojúsùn

Àfojúsùn 17 fún ìdàgbàsókè tó máa tọ́jọ́ (SDGs) ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí lọ́dún 2015, èyí tí wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ tó bá fi máa di ọdún 2030. Kò sí iléeṣẹ́ tó kan gbogbo wọn bákan náà. Ẹ mú mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an kàn jù, pàápàá ibi tó ti lè ṣe ìpalára. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí omi, kì í ṣe láti orí ìwé tó fi ta àwọn ọmọléèwé lọ́rẹ. Ìlànà GRI (Global Reporting Initiative), tí àwọn iléeṣẹ́ fi ń jábọ̀ ipa wọn lórí ọrọ̀ ajé, àyíká àti àwọn èèyàn, máa ràn yín lọ́wọ́ láti mọ ohun tó yẹ kí ẹ kà.

3. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀

Ẹ kọ ipò tí nǹkan wà sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wá àdúgbò mìíràn tó jọ ọ́, tí iléeṣẹ́ náà kò dé, kí ẹ fi wé e. Bí iná mànàmáná bá dé àdúgbò méjèèjì lọ́dún kan náà, iléeṣẹ́ kọ́ ló mú un wá.

4. Ẹ tẹ̀lé nǹkan kan dé òpin

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má kánjú. Ká ní iléeṣẹ́ kan sọ pé òun gbẹ́ kànga ẹ̀rọ 20. Ẹ lọ síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mélòó ló ṣì ń sun omi? Ìṣẹ́jú mélòó ni obìnrin fi ń lọ, tó fi ń tò, tó fi ń bọ̀? Ṣé wọ́n ti yẹ omi náà wò? Bí ọwọ́ ẹ̀rọ bá kán, ta ló ń tún un ṣe, owó ta ni? Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè èyí tí ìjábọ̀ kì í sábà dáhùn: ṣé omi tí iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fà kò ti mú kí kànga àwọn aládùúgbò gbẹ?

Ti èéfín rọrùn díẹ̀. Lítà epo dísù (diesel) kan máa ń tú nǹkan bíi kìlógíráàmù 2.7 gáàsì kábọ́ọ̀nù dàòsáìdì, èyí tó ń mú kí ayé gbóná, jáde. Jẹnẹrétọ̀ tó bá ń jó lítà 10,000 lóṣù ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 27.

Lórí owó iṣẹ́, ẹ má fi owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ wò ó bóyá ó tó gbọ́ bùkátà ilé, kí ẹ sì ya owó àwọn òṣìṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe sọ́tọ̀, torí ibẹ̀ ni ìnira máa ń sá pamọ́ sí.

5. Ẹ má fi ire bo ibi mọ́lẹ̀

Iléèwé tí wọ́n kọ́ kò lè pa odò tí wọ́n bà jẹ́ rẹ́. Ẹ kọ méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí òǹkàwé rí wọn.

6. Ẹ gbọ́ tẹnu àwọn tó kàn

Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ níbi tí ọ̀gá kò sí, obìnrin lọ́tọ̀, ọkùnrin lọ́tọ̀, ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé. Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ gbé àwọn iye náà padà lọ fún wọn. Bí wọ́n bá ní èyí kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ tún ibẹ̀ yẹ̀ wò, kí ẹ sì kọ èsì wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye náà kí ẹ tó tẹ ìjábọ̀ jáde.