Bí mo ṣe mọ ohun tí kò jẹ́ kí Jẹ́jẹ́ jẹun

Spíkà ni mo fi ń jẹun n'Ífẹ̀. Bí wọ́n bá ń sìnkú àgbà láti Ẹnuwá títí dé Modákẹ́kẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi ni mo to àwọn àpótí dúdú gàgàrà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kánópì. Nípa ẹranko, ewúrẹ́ tó ń jẹ mí ní wáyà nìkan ni mo mọ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kó mi sí i. Ó ń kọ́ nípa ẹranko ní OAU. Nígbà tó fẹ́ lọ fún I.T. oṣù mẹ́fà, ó gbé àpótí gíláàsì kan wá. “Áńkù, ẹ jọ̀ọ́, kì í yọ èèyàn lẹ́nu.” Erè ló wà nínú ẹ̀, irú èyí kékeré tó jẹ́ pé bí ẹ̀rù bá bà á, á ká bíi bọ́ọ̀lù, á wá fi orí pa mọ́ sáàárín. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni wọ́n ti ń kó irú ẹ̀ lọ sílùú òyìnbó, tí wọ́n ń sìn ín bí ẹni ń sin ológbò. Mo sọ ọ́ ní Jẹ́jẹ́. Mo da ààbọ̀ ìkòkò tó fọ́ dé sínú àpótí kó lè máa sá pa mọ́ síbẹ̀, mo gbé e sí yàrá ẹ̀yìn, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Pàápàá Ìyá Ràṣídì.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó jẹ eku. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó wo eku, kò jẹ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò tilẹ̀ yọjú nínú ìkòkò.

Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ṣùgbọ́n gílóòbù ń jó, ìwọ̀n ooru sì wà ní 31 lápá ibi tó yẹ kó gbóná. Mo pe ọmọ náà. Ó ní kí n wo ojú ẹ̀, pé bí ejò bá fẹ́ bọ́ awọ, ojú ẹ̀ á ṣú bí ẹni da wàrà sí i, kì í sì í fẹ́ jẹun nígbà yẹn. Ojú Jẹ́jẹ́ dúdú, ó ń dán.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni mo rí i. Mo ń pààrọ̀ omi inú abọ́ ẹ̀, ó sì ti jáde, ó ń na ahọ́n, ó ń fà á wọlé, ó ń gbóòórùn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ni Ìyá Ràṣídì bá fa okùn ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀yìn ti yàrá náà. Omi inú abọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì, òbìrípo kéékèèké, ọ̀kan nínú èkejì. Ahọ́n Jẹ́jẹ́ dúró lójú kan. Ó tẹ àgbọ̀n mọ́lẹ̀ gbọn-in, lẹ́yìn náà ló fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ìkòkò fi gbé e mì. Ọ̀sẹ̀ kejì yẹn gan-an ni ẹ̀rọ náà dé.

Béèsì nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ejò ò létí. Òótọ́ ni, kò ní ihò etí, kò ní awọ tó ń gbọ̀n bíi ti ìlù nínú etí wa. Ṣùgbọ́n etí inú wà níbẹ̀ pérépéré, egungun tín-ín-rín kan sì so ó mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí ilẹ̀ bá mì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á mì, etí inú á gbọ́. Ọmọ náà tún fi ìwádìí kan ránṣẹ́ sí mi tí wọ́n ṣe ní Denmark lọ́dún 2012 lórí irú erè yìí gan-an: ibi tó ti ń gbọ́ jù ni 80 sí 160 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; bó bá kéré, ohùn á wà nísàlẹ̀), àti pé ohùn inú afẹ́fẹ́ pàápàá máa ń mú orí ẹ̀ gbọ̀n, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ ọ́n. Mo rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ náà ni mo máa ń gbé sókè bí àwọn ọ̀dọ́ bá fẹ́ jó.

Mo ní kí n fojú ara mi rí i. Ọjọ́ Àìkú, Ìyá Ràṣídì lọ sí àsàláátù, ilé pa lọ́lọ́. Mo fi aṣọ bo àpótí, mo dá ihò kékeré kan sí i tí mo ń yọjú wò, kó má baà jẹ́ pé èmi ló ń rí. Mo gbé spíkà sílẹ̀, mo ti fóònù bọ̀ ọ́, mo fi 100 Hz sí i, ohùn tí kò lè jí ọmọ ọwọ́. Ahọ́n dúró. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó gbàgbé, mo tún un ṣe, ó tún dúró. Mo wá fi okùn gbé spíkà kékeré kọ́ sí irin fáànù, kó má fara kan ilẹ̀ rárá. Ní 100, ó ṣì mọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti gbé e sókè gan-an. Nígbà tí mo gbé e dé 3000, tí eyín ń ro mí, Jẹ́jẹ́ ń na ahọ́n lọ ní tiẹ̀.

Ó ku súfèé. Mo súfèé, ejò sá! Àyà mi já, mo ní àṣé òótọ́ làwọn àgbà ń sọ pé súfèé máa ń pe ejò. Àfi ìgbà tí mo rí i pé èémí ẹnu mi ló gba ihò aṣọ wọlé bá a. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tún súfèé títí ètè mi fi gbẹ. Kò mira. Súfèé ti ga ju etí ejò lọ.

Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn Ìyá Ràṣídì lójú fèrèsé, ó ti dé láti àsàláátù. “Bàbá Tóbi! Súfèé nínú ilé? Ẹ má pe okùn ilẹ̀ wá bá wa o!”

“Ẹ má bínú, mà.” Okùn ilẹ̀ tó ti ń gbé pẹ̀lú wa láti bí oṣù kan.

Mo gé fóòmù àtijọ́ sí mẹ́rin, mo tò ó lérí ara wọn nínú yàrá iwájú, mo gbé àpótí lé e. Abọ́ omi ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ Ajé: ẹ̀rọ ń ké, omi dúró bíi dígí. Mo wá dúró di aago mẹ́sàn-án alẹ́, tí kò sí ariwo kankan, tó sì jẹ́ pé alẹ́ náà ni irú wọn ń jáde. Mo fi omi gbígbóná mú òkú eku lọ́wọ́ọ́rọ́, nítorí àwọn ihò wẹ́wẹ́ tó wà létè erè máa ń mọ ooru ara ẹran, mo fi ẹ̀mú nà án sí i. Alẹ́ àkọ́kọ́, kò jẹ ẹ́. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, orí yọ nínú ìkòkò, ahọ́n kan eku lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró. Mi ò rí bó ṣe fò. Mo kàn rí i pé ẹ̀mú ti ṣófo, Jẹ́jẹ́ sì ti wé mọ́ eku náà nígbà mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kejì, mo gé táyà àlòkù, mo gbé e fún Ìyá Ràṣídì pé kó fi tẹ́ abẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀, pé ògiri mi ń gbọ̀n. Ó ṣàdúrà fún mi títí. Ó ní kí n sáà má súfèé mọ́.