Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe oògùn ibà

"Nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, mo ti dá oògùn yẹn dúró." Ìyá oníṣòwò kan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, tẹ̀rín-tẹ̀rín. Oògùn ọjọ́ 30 wà nínú báàgì wọn, mẹ́sàn-án péré ni wọ́n ti lò níbẹ̀. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ wọn: 178/104. Ó ga gan-an.

Àṣìṣe tí mò ń rí jù nìyẹn. Oògùn ibà, ọjọ́ mẹ́ta ni, ara á yá, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò rí bẹ́ẹ̀. Oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbọ́wọ́, á tún gbérí. Amlodipine, ọ̀kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ló máa ń tan èèyàn jẹ jù, torí kì í tètè kúrò lára. Ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí BP (ìwọ̀n ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) ṣì dáa, lẹ ó bá sọ pé ẹ ti bọ́. Àwọn mìíràn á ní, "Mi ò fẹ́ kó di bárakú." Ṣé ẹni tó ń wọ awò ojú láràárọ̀, bárakú ló sọ ọ́ dà? Bí ẹsẹ̀ bá ń wú yín látàrí amlodipine, tàbí tí lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, ń fún yín ní ikọ́ gbígbẹ, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà kó pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má sì gbé èyí tẹ́ ò lò mọ́ fún aládùúgbò. Lisinopril yẹn, tí aboyún bá lò ó, ó lè ba ọmọ inú ẹ̀ jẹ́.

Ẹ má dúró de orí fífọ́ kẹ́ ẹ tó lọ yẹ ara yín wò. Ọ̀pọ̀ ẹni tí tiẹ̀ ti kọjá 140/90, ibi tá a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ni nǹkan kan ò ṣe lójú ara ẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú gbogbo àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn tí ò mọ̀ sún mọ́ ìdajì.

Wíwọ̀n gan-an láṣìṣe tiẹ̀. Bàbá kan sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, obì lẹ́nu, fóònù létí, wọ́n na apá sí mi tòun taṣọ òfì: 168/98. Mo ní kí wọ́n lọ tọ̀, kí wọ́n wá jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀ (ìṣẹ́jú 5 ló kéré jù), ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, kí wọ́n ká aṣọ kúrò lápá, kí wọ́n gbé e lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, kí wọ́n sì panu mọ́. 146/88. Ó ṣì ga o, àmọ́ ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni dókítà ì bá rí nínú òǹkà méjèèjì. Kaféìnì wà nínú obì. Ó yẹ kó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú téèyàn jẹ ẹ́ gbẹ̀yìn.

"Èmi kì í jẹyọ̀." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á já mágí mẹ́rin sínú ọbẹ̀. Iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú mágí! Gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan, títí kan ti inú búrẹ́dì, kò yẹ kó tó gíráàmù 5, ìyẹn ò kún ṣíbí tíì kan.

Diclofenac tẹ́ ẹ ń rà fún ẹ̀yìn dídùn náà lè ti BP sókè. Ẹ sọ fún kẹ́míìsì pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Tí ẹnu bá wá wọ́ lójijì, tí apá kan ò ṣeé gbé, tí ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, àmì rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń fà nìyẹn; ẹ má rọ epo pupa tàbí àgbo sí onítọ̀hún lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ má kọ́kọ́ máa wá ẹni tó ta á lọ́fà. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì wà, àmọ́ wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ làyè ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ya àwòrán ọpọlọ ná. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ńlá, kẹ́ ẹ sì wo aago kẹ́ ẹ tó gbéra. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.