Ìtọ́jú Monstera Aláwọ̀ Méjì ní Ilé-Ifẹ̀ àti Agbègbè Rẹ̀

Ẹni tí ó bá ti gbin kókò sí etí odò rí ti mọ ìbátan Monstera, ewéko ẹlẹ́wà tí a ń gbìn sínú ìkòkò nínú ilé, nítorí pé ìdílé ewéko kan náà ni àwọn méjèèjì ti wá. Inú igbó láti gúúsù Mẹ́síkò títí dé Panamá ni Monstera deliciosa ti ṣẹ̀, níbi tí ó ti máa ń fi gbòǹgbò ara ìtì rẹ̀ di igi ńlá mú, tí yóò sì máa gùn ún lọ sókè lábẹ́ ìbòji. Èyí tí funfun là mọ́ àwọ̀ ewé rẹ̀ ni àwọn tí ń kó ewéko ẹlẹ́wà jọ ń wá kiri, tí wọ́n sì ń san owó gọbọi lé lórí. Hóró rẹ̀ kò ṣeé gbára lé láti mú funfun náà jáde, nítorí náà gígé ìtì ni àgbẹ̀ ilé fi ń sọ ọ́ di púpọ̀.

Ibi gígé yìí gba sùúrù. Ẹ wo ìtì náà bí ẹni ń wo ìrèké: ẹ ó rí oríkèé níbi tí ewé ti so mọ́ ọn, ẹ ó sì rí ojú kékeré kan tí ó wú díẹ̀ nítòsí rẹ̀, bí ojú iṣu. Ojú yìí ni ọ̀mùnú yóò gbà yọ, nítorí náà àárín oríkèé méjì ni kí ọ̀bẹ mímọ́ tónítóní ti kọjá. Mo ti ra ewé kan rí tí ó wà nínú omi fún oṣù mẹ́ta láìyọ nǹkan kan, tí ó sì jẹrà, nítorí pé ẹni tí ó tà á kò gé ojú kankan mọ́ ọn. Ó dùn mí púpọ̀. Bí ìlà funfun kò bá kan ìtì níbi ojú náà, ewé tútù lásán tí kò ní funfun ni ó sábà máa ń yọ. Bí ó bá sì jẹ́ funfun báláú, ọ̀mùnú náà kò ní ohun tí yóò fi gba ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ, ebi ni yóò pa á.

Omi àpọ̀jù ni ó ń pa á jù nínú ilé wa, kì í ṣe òùngbẹ. Ilẹ̀ amọ̀ pupa wa máa ń di omi mú, gbòǹgbò a sì jẹrà nínú rẹ̀. Ẹ po èèpo àgbọn gígé àti èédú fífọ́ mọ́ ilẹ̀dú díẹ̀, nínú ìkòkò tí ó ní ihò nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ti ìka bọ ilẹ̀ náà kí ẹ tó bomi sí i: bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀.

Irú ìbòji tí kòkó ń gbádùn lábẹ́ igi ńlá ni ó ń fẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí oòrùn òwúrọ̀ ń yọjú sí dára, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán máa ń sun apá funfun títí yóò fi pọ́n bí ewé gbígbẹ. Nígbà ọyẹ́, láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì, etí ewé a máa gbẹ. Ẹ kó àwọn ìkòkò náà jọ sójú kan, kí ẹ sì máa fi aṣọ tútù nu eruku kúrò, àti ẹ̀yìn ewé pẹ̀lú, nítorí ibẹ̀ ni àwọn kòkòrò tíńtín tí ń ta okùn bí aláǹtakùn máa ń sá sí.

Bí kókò tútù ṣe ń yún ni lọ́fun ni ewé àti ìtì rẹ̀ ṣe ń yún. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọ tí ń rá àti sí ewúrẹ́, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn tí ẹ bá gé e.