Tíkẹ́ẹ̀tì kan fún ènìyàn 5 ní Nuremberg
Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wo Nuremberg ní Jẹ́mánì àti àyíká rẹ̀, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bayern-Ticket (tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ọlọ́jọ́ kan fún ìpínlẹ̀ Bavaria) kan ṣoṣo tó ènìyàn 5. Owó díẹ̀ ni wọ́n ń fi kún un lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀lé ẹni àkọ́kọ́. Ẹ lè fi wọ bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ nínú ìlú, kí ẹ tún fi dé ìlú Bamberg lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo Bamberg o: àárín odò Regnitz gan-an ni gbọ̀ngàn ìlú àtijọ́ wọn wà, afárá lọ́tùn-ún, afárá lósì. Ẹ kọ orúkọ gbogbo yín sórí tíkẹ́ẹ̀tì náà. Kò ṣiṣẹ́ lórí ICE àti IC, àwọn ọkọ̀ ojú irin ayára tó ń lọ ọ̀nà jíjìn. RE, RB tàbí S-Bahn, àwọn ọkọ̀ ojú irin agbègbè, ni kí ẹ wọ̀. Láti Ọjọ́ Ajé sí Ẹtì, aago 9 àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.